Ẹ̀rọ Àjọni

Òjò Halifax kì í rọ̀, ṣe ló máa ń sẹ̀
bí ẹni ń jọ èlùbọ́ láti òkè.
Mo gbọn agboòrùn mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú,
mo gun àtẹ̀gùn òkúta tí ẹsẹ̀ ará àtijọ́ ti jẹ láàárín,
mo ṣí ìwé: Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.
Èmi ni akọ̀wé. N kò ní ìbò, n kò ní ohùn,
etí nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Ìlú mẹ́ta ló dáwó pọ̀ ra ẹ̀rọ kan.
Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, lábẹ́ àga wa gan-an,
nínú yàrá aláìní-fèrèsé tó yẹ kó tutù,
ó ń kùn bí oyin inú igi.
Orúkọ ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ilé wà nínú rẹ̀,
ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ ìkólẹ̀,
iná òpópó tó kú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
gbèsè opó tó ń dá gbé lórí òkè.

Ta ló ni ín? Ẹni mẹ́ta.
Ta ni yóò tún un ṣe?
Mo kọ ọ́ pé wọ́n dákẹ́.
Kò sí àyè fún ìdákẹ́ nínú fọ́ọ̀mù,
ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Sugden ní ìlú tòun kéré,
kò yẹ kí eku àti erin san iye kan náà ní ibodè.
Ìyáàfin Ackroyd ní ìlú tòun ti san tirẹ̀,
ó fi bírò gbá ìwé: ojú ewé kẹrìnlá, ẹ wò ó.
Ọ̀gbẹ́ni Pargeter, tí í ṣe ẹnì kẹta,
bèèrè bóyá bisikíìtì ṣì kù.

Nínú oṣù Agẹmọ tó kọjá, oòrùn wá kí wa fún ọjọ́ mẹ́rin,
ẹ̀rọ amútutù mí kanlẹ̀, ó kú.
Ẹ̀rọ àjọni gbóná, òun náà dákẹ́.
Bàbá Tattersall dúró níwájú káńtà, fìlà lọ́wọ́.
Ọmọge ní, "Ẹ má bínú, sà, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ yín."
Bàbá ní, "Ibí ni mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Òun nìkan ni kò mọ̀ mí."

Bàbá tèmi ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkìrun:
àpótí irin kan, àgádágodo mẹ́ta,
kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta.
Kò sí olè tó lè rí i ṣe.
Àmọ́ ta ló ń ra epo tí wọ́n fi ń pa àgádágodo?
Bàbá mi ni, láti inú àpò ara rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ọdún tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ìpẹtà wọlé;
òòlù ni wọ́n fi ṣí owó ara wọn.

Wọ́n ní ebi ní í pa ewúrẹ́ àjọni.
Mo ti rí i. Ẹni mẹ́ta jókòó yí i ká,
wọ́n ń ka egungun ìhà rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀,
kò sẹ́ni tó dìde lọ já ewé.

Wọ́n sún ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú sí oṣù Ẹrẹ́nà.
Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ lọ gba ìwé kan.
Imtiaz jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù àti ife tíì,
fáànù funfun kan ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ.
Mo ní, "Ìlú wo ló ra èyí?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ju rìsíìtì nù,
ta lòun ì bá gbé e fún?

Mo padà sókè. Yàrá ti ṣófo, èérún bisikíìtì wà lórí tábìlì.
Ní ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀, lókè ibi tí wọn yóò fọwọ́ sí,
mo kọ ọ́ kedere:
Fáànù kan. Pọ́n-ùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ẹni tó san án: Imtiaz.